Láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, Ta Ni Yóò Gbé Ìrèlè?

Bí ọdún Àjíǹde bá ti súnmọ́, tàbí tí ọdún tuntun bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ìpè kan a máa dún káàkiri àríwá Èkìtì, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́, láti Ìkọ̀lé dé Ìrèlè tí ó wà lápá ibi tí ilẹ̀ Èkìtì ti bá ìpínlẹ̀ Kogí pààlà. Ẹni tí ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ níbi àjọ̀dún ìlú ni yóò kọ́kọ́ gbé e sókè. Ọba yóò tún un sọ, àwọn olórí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yóò sì fi ohùn sí i: ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Èkó, ní Àbújá, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, ẹ padà wálé, ẹ wá tún ìlú yín ṣe. Wọn a pàtẹ́wọ́. Àwo owó a kọjá láàárín èrò. Nígbà tí yóò bá fi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ àwọn àlejò ti kọjá Ìkọ̀lé, kálukú ti forí lé ibi iṣẹ́ rẹ̀, ìlú a sì tún dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìpè náà kò burú. Ohun tí ó burú ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bò mọ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pè é, ńṣe ni ó ń dà bí ẹni pé ọkàn àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé ni ó le, pé wọ́n ti gbàgbé orísun, pé fàájì ìlú ńlá ti gbà wọ́n lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú kì í gbèrú ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan. Ẹni tí yóò tún un ṣe gbọ́dọ̀ lè jí níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí ó jáde lọ síbi iṣẹ́, kí ó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ láìsí ìfòyà, kí ó sì rí owó iṣẹ́ rẹ̀ gbà nígbà tí oṣù bá parí. Ọmọbìnrin Ìrèlè tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, tí ó sì fẹ́ fi ìmọ̀ náà ran ìlú rẹ̀ lọ́wọ́, ǹjẹ́ ó lè gbé Ìrèlè láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì? Ìbéèrè tí kò sí ẹni tí ó ń béèrè níbi àjọ̀dún nìyẹn. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ pé kò lè ṣeé ṣe, ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ọmọ yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá ọ̀dọ́ lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ rántí ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2024. Ní ọjọ́ náà, ọba mẹ́ta kúrò ní Ìrèlè-Èkìtì, wọ́n ń padà sí ìlú wọn. Ní agbègbè Òkè-Àkò ni àwọn agbébọn ti dènà dè wọ́n. Wọ́n yìnbọn pa Onímòjò ti Ìmòjò-Èkìtì àti Elésùn ti Èsùn-Èkìtì. Alárá ti Àrá-Èkìtì nìkan ni orí kó yọ. Ní ọjọ́ kan náà, ní Ẹ̀mùrẹ́-Èkìtì tí ó jìnnà sí ibẹ̀, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan dúró, wọ́n sì kó àwọn ọmọ kéékèèké pẹ̀lú àwọn olùkọ́ wọn àti awakọ̀ wọ inú igbó. Àwọn ọmọ náà padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Awakọ̀ kò padà.

Ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó fi ń sọ ikú ọba. Ọba a máa wàjà, ọba a máa gbésẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú èdè náà fún ọba tí wọ́n yìnbọn pa lójú títì bí ẹran ìgbẹ́, nítorí pé àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sílẹ̀ kò rò ó rí pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ọba ni wọ́n o. Wọ́n ní ọkọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n jáde nílé, ìròyìn ikú wọn sì dé etí gbogbo orílẹ̀-èdè kí ilẹ̀ tó mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó ń gun ọ̀kadà láti Ìpaò lọ sí Ìrèlè lọ́wọ́ alẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò gbọ́?

Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Òkè-Àkò yìí kan náà, ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2016, àwọn tí ìròyìn pè ní darandaran ya wọ ìlú, ènìyàn méjì sì kú. Ìgbà náà ni Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé fi ìbínú gbé òfin dídarí ìjẹko ẹran jáde, òfin tí ó bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, tí ó sì ka jíjẹko lóru léèwọ̀. Ní oṣù Kínní ọdún 2020, àwọn ìpínlẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣí aṣọ lójú ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Òfin wà, ẹ̀ṣọ́ wà, síbẹ̀ ọdún kẹjọ lẹ́yìn ìpakúpa Òkè-Àkò ni wọ́n tún pa ọba méjì ní agbègbè kan náà. Àwọn tí ó ń pariwo ìpè “ẹ padà wálé” gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pe ọmọ ọlọ́mọ wá bá.

Àwọn kan yóò wí pé èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìjọba, pé ti ẹgbẹ́ ìlú ni láti ké sí ọmọ, ti ọmọ sì ni láti fẹ́ràn ilé. Wọn yóò fi kún un pé ọmọ ìgbà ìwòyí kò ní ìfaradà bí àwọn baba wọn, ẹsẹ̀ wọn kò fẹ́ tẹ ilẹ̀, òkè òkun ni ojú wọn wà. Ó dùn ún gbọ́ létí àgbà. Ìtàn ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ni ó já ọ̀rọ̀ náà ní koro.

Ogun Kírìjì tí àwọn Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ibùdó ogun kò tú pátápátá títí di ọdún 1893. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àìmọye ọmọ Èkìtì ni ó wà ní ìgbèkùn, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Èkó. Àwọn kan nínú wọn ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ti kọ́ ìwé kíkà, àwọn mìíràn ti gba ẹ̀sìn tuntun. Kò sí ẹni tí ó ń fi gbohùngbohùn pè wọ́n padà. Bí ọ̀nà ti là ní ọdún 1893 ni wọ́n ń dé, ẹlẹ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n gbé ẹrù lérí. Ọ̀kan lára wọn ni Babamúbọ̀ni, ọmọ Ìfíṣìn nítòsí Ìdó. Wọ́n ti mú un lẹ́rú rí, ó sì ti di onígbàgbọ́ ní ìgbèkùn. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Èkìtì ní ọ̀wọ́ ọdún náà, òun ni ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin ìjọ Kristi sí ilẹ̀ náà, ìjọ ni ó sì bí ilé-ìwé, ilé-ìwé ni ó bí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n tí Èkìtì fi ń yangàn lónìí. Kí ènìyàn gbà tàbí kí ó má gba ẹ̀sìn tí ó mú wá, iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe ní ilé kò kéré.

Àwọn ẹrú àná kò fẹ́ràn ilé ju ọmọ Yunifásítì ìsinsìnyí lọ. Ọ̀nà ni ó là fún wọn. Ìgbà tí ìbọn dákẹ́ ni ìfẹ́ ilé tó rí ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀rí kejì wà ní ìkọ́júsí Ìrèlè gan-an. Ìpaò ni wọ́n bí Hezekiah Olúwasanmí sí ní ọdún 1919. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ọrọ̀-ajé Nàìjíríà jáde ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí ó di gíwá Yunifásítì Ifẹ̀. Ó wà lórí àga náà títí di ọdún 1975, ẹni tí ó bá sì wọ ọgbà Yunifásítì náà lónìí yóò rí orúkọ rẹ̀ lára ilé ìkàwé ńlá. Ìkọ̀lé ni wọ́n bí J. F. Adé Àjàyí, òpìtàn, sí ní ọdún 1929. Òun ni gíwá Yunifásítì Èkó láti 1972 di 1978. Wọ́n tó bẹ́ẹ̀, wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n kọ́? Ifẹ̀ àti Èkó. Ọkùnrin tí ó mọ bí oko ṣe ń sọ orílẹ̀-èdè di ọlọ́rọ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ìlú tirẹ̀ kò ní ibi kan ṣoṣo tí ó lè jókòó sí láti fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́. Aláìmọ̀kan nìkan ni yóò pè é ní ọmọ tí ó gbàgbé ilé. Ifẹ̀ ní àga fún un, Ìpaò kò ní.

Lónìí, àga ti dé. Èyí ni ó mú kí àwáwí ìgbà yìí burú ju ti ìgbà náà lọ. Ìjọba àpapọ̀ dá Yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní ọdún 2011, ọgbà rẹ̀ kejì sì wà ní Ìkọ̀lé, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Ìdídò Ìtapájì wà ní àyíká Ìrèlè níbẹ̀, omi kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì ti dé ni gbogbo ẹni tí ó ní pọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé ti ń kọ́ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn bí afárá oyin. Owó ilé gorí, ọlọ́jà rí jẹ, ọlọ́kadà rí jẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọmọ tí ó fi gbogbo ìgbà náà kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti irúgbìn ní Ìkọ̀lé yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì wọkọ̀ Èkó láti lọ wá iṣẹ́ ní báǹkì. Àgbẹ̀ Ìrèlè tí ìṣù rẹ̀ ń rà nínú àká kò fojú kàn án rí. Ìmọ̀ wà ní Ìkọ̀lé, ìyà wà ní Ìrèlè, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà sì ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti so wọ́n pọ̀.

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé wọ́n ti gbìyànjú irú èyí rí, kò yọrí. Òótọ́ ni pé wọ́n gbìyànjú. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kínní ọdún 1955 mú kí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ọmọ parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀, wọn kò sì fẹ́ ọkọ́ baba wọn mọ́. Láti ọdún 1959, ìjọba ìwọ̀-oòrùn wo ohun tí àwọn ará Ísírẹ́lì ń ṣe, ó sì dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ káàkiri, èyí tí ará ìlú ń pè ní sẹ́tùmẹ́ǹtì títí di òní. Ọ̀kan wà ní Orin-Èkìtì, ní agbègbè Ìdó. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, irinṣẹ́ àti owó oúnjẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n di àgbẹ̀ ìgbàlódé.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá. Ó sì yẹ kí ènìyàn wo ìdí tí wọ́n fi sá dáadáa, nítorí àwọn tí ó ń fi ìtàn sẹ́tùmẹ́ǹtì gbe ara wọn lẹ́yìn kì í wò ó. Irúgbìn tí wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ wọn gbìn, kòkó, ọ̀pẹ, ọsàn, rọ́bà, a máa gba ọdún púpọ̀ kí ó tó so èso tí wọ́n lè tà. Owó oúnjẹ kò tó láti gbé ọ̀dọ́kùnrin tí ó fẹ́ fẹ́yàwó dé ìgbà náà. Gbèsè ni wọ́n ka ilé àti irinṣẹ́ sí, wọ́n gbọ́dọ̀ san án padà. Ilẹ̀ kò di tiwọn. Ọ̀gá ìjọba ni ó ń pàṣẹ ohun tí wọn yóò gbìn àti ìgbà tí wọn yóò gbìn ín. Owó tí ìjọba ná sórí ẹnìkọ̀ọ̀kan pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè tan ètò náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, nígbà tí àgbẹ̀ tí ó ti wà lórí oko rẹ̀ nínú abúlé tí ó múlé gbè wọ́n kò rí ohunkóhun gbà. Ọ̀dọ́ tí ó kúrò nínú irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ṣírò, ó sì rí i pé ìṣirò náà kò bá ara mu.

Àṣìṣe yẹn ṣe é tún ṣe bí wọ́n bá fẹ́ kọ́gbọ́n. Kí wọ́n má kó ọ̀dọ́ lọ sí ibùdó àjèjì, kí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ nínú ìlú tí ènìyàn ti ń gbé. Kí wọ́n má yá wọn lówó, kí wọ́n san owó oṣù fún wọn.

Ìjọba Japan ti ṣe é. Orílẹ̀-èdè náà ní àwọn abúlé tí ó ń kú lọ, ilé tí ó ṣófo, ilé-ìwé tí kò ní ọmọ, àwọn arúgbó tí ó dá wà láàárín oko. Ní ọdún 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan: ìjọba ìbílẹ̀ yóò gba ọ̀dọ́ láti ìlú ńlá síṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ yóò sì gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni náà yóò kó wá sí abúlé, yóò gbé ibẹ̀ fún ọdún kan sí mẹ́ta, yóò máa ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti rí ọjà, yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó, yóò máa sọ ilé tí ó ṣófo di ilé ìtajà tàbí ilé àlejò. Lẹ́yìn tí ọdún wọn pé, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó ń tẹ̀dó sí agbègbè tí wọ́n ti ṣiṣẹ́. Japan ní owó ju Nàìjíríà lọ, kò sí iyèméjì. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni kókó ibẹ̀. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ ni títún ìlú ṣe, iṣẹ́ sì ni owó oṣù wà fún.

Nàìjíríà pàápàá ti mọ bí a ṣe ń kó ọ̀dọ́ tí ó kàwé lọ sí ibi tí wọn kò mọ̀. Láti ọdún 1973 ni ètò àgùnbánirọ̀ ti wà. Òfin rẹ̀ ni pé kí ọmọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, fún ọdún kan péré. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé yé ènìyàn. Ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde ni pé ọmọ Sokoto yóò fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ Ìrèlè ní ìṣirò, bí ó bá ti ń mọ orúkọ wọn tán ni yóò lọ. Ọmọ Ìrèlè tí ó lè dúró fún ọdún mẹ́wàá, kò sí ètò kankan tí ó sọ fún un pé kí ó wá.

Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ti ìjọba nìkan, ẹgbẹ́ ìlú ní ìbéèrè tirẹ̀ láti dáhùn. Ọdún dé, ọdún lọ, kí ni wọ́n ń fi owó àjọ̀dún ṣe? Gbọ̀ngàn ìlú. Ògiri ààfin. Ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ “Ẹ káàbọ̀” sí lára. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ẹwà tiwọn, ìlú sì nílò ibi tí yóò ti pàdé. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè jókòó sí, tí ó ń ṣí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, nínú ìlú tí kò lè san owó oṣù nọ́ọ̀sì kan, àṣehàn ni. Òkúta ni ó rọrùn láti yà ní fọ́tò. Orúkọ ẹni tí ó dáwó wà lára rẹ̀. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kò ní ibi tí wọ́n lè lẹ orúkọ mọ́.

Ìwà kan tún wà tí kò dára láti fi pamọ́. Ọ̀dọ́ tí ó ní owó ni wọ́n ń pè, ọ̀dọ́ tí ó ní ìmọ̀ lásán kò rí ìjókòó. Ẹni tí ó ti Houston dé pẹ̀lú dọ́là, tábìlì iwájú ni tirẹ̀, oyè kò sì ní pẹ́ kàn án. Ẹni tí ó ti Ìkọ̀lé dé pẹ̀lú ìwé ìwádìí lórí àrùn ẹ̀gẹ́, wọn yóò ní kí ó bá wọn to àga. Bí ó bá na ọwọ́ sókè ní ìpàdé, àgbà kan yóò bi í pé ọmọ ta ni, kí wọ́n tó gbọ́ ohun tí ó fẹ́ sọ. Àwọn àgbà yìí kan náà ni yóò sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ti òdodo, àgbà nìkan ni wọ́n fi ń dá ìpàdé ìlú. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò bẹ̀rù agbébọn ni ó ti bá irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan, tí wọn kò sì padà wá mọ́.

Àwọn kan wà tí ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n, ó sì yẹ kí wọ́n rí èsì gbà. Wọ́n ní bí gbogbo ọmọ bá dúró títí ọ̀nà yóò fi dára kí wọ́n tó padà, ọ̀nà kò ní dára láéláé, torí pé àwọn tí ó wà nílé ni ó ń fa ìjọba létí. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìlú tí kò sí ẹni tí ó lè kọ̀wé nínú rẹ̀, ìjọba a máa gbàgbé rẹ̀ ní kíá. Ọ̀dọ́ díẹ̀ sì ti padà sí àríwá Èkìtì láìka ewu sí. Wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kọ̀ǹpútà nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ètò tí ó jẹ́ pé akọni nìkan ni ó lè mú un ṣe, ètò yẹn kò tíì di ètò. Ìlú kò gbọ́dọ̀ béèrè pé kí olùkọ́ jẹ́ ọmọ ogun kí ó tó lè kọ́ ọmọ ní álífábẹ́ẹ̀tì. Kí ẹni tí ó ní ìgboyà díẹ̀ tún lè padà, kí ẹni tí ó ní ọmọ kékeré lọ́wọ́ tún lè padà, ìgbà náà ni iye wọn yóò tó ohun tí ojú lè rí.

Àwáwí owó náà kò sì lágbára mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ pé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí owó tí ó tọ́ sí i máa lọ tààrà, pé gómìnà kò ní àṣẹ láti dì í mú. Bí ìdájọ́ náà ṣe ń rìn káàkiri orílẹ̀-èdè jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn. Fún Ìkọ̀lé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé alága ìjọba ìbílẹ̀ ti ní ìbéèrè láti dáhùn ní orúkọ ara rẹ̀. Òun àti àwọn ìlú tí ó wà ní agbègbè Àjọni, Ìrèlè, Ìpaò, Òkè-Àkò, Ìtapájì àti àwọn yòókù, wọ́n lè jókòó, kí wọ́n gba ọ̀dọ́ mẹ́wàá síṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Kí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú wọ̀nyẹn, kí wọ́n ti parí ẹ̀kọ́, kí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé máa tọ́ àwọn tí ó jẹ́ ti oko sọ́nà, kí ilé ìwòsàn Ìdó máa tọ́ àwọn tí ó jẹ́ ti ìlera sọ́nà. Kí ẹgbẹ́ ìlú fi ilé kún un, nítorí ilé àwọn tí ó wà ní Èkó àti Amẹ́ríkà pọ̀ ní ìlú wọ̀nyẹn tí àlàǹtakùn nìkan ń gbé. Kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní ìbò ní ìpàdé ìlú, kì í ṣe àga nìkan. Orúkọ ìlú wọ̀nyẹn papọ̀ ni Àjọni. Kí wọ́n jọ ni ín lóòótọ́.

Ẹ̀ṣọ́ ńkọ́? Ibùdó Àmọ̀tẹ́kùn tí ó dúró lójú kan láàárín Òkè-Àkò àti Ìrèlè, tí ọkọ̀ àti epo rẹ̀ wà nínú ètò ìnáwó tí gbogbo ènìyàn lè kà, sàn ju ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí ó ń wá yan kiri lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa ènìyàn tán. Gómìnà Bíọ́dún Oyèbánjí ti wà lórí àga láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022, abẹ́ àkóso rẹ̀ ni àwọn ọba méjì náà kú sí. Ìbánikẹ́dùn rẹ̀ ti dé ààfin. Ohun tí àwọn ará agbègbè náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ ni iye ẹ̀ṣọ́ tí ó ń sùn lẹ́bàá ọ̀nà náà ní alẹ́ òní.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè bá tún pàdé ní Ìrèlè, kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn sẹ́yìn díẹ̀. Kí akọ̀wé ka iye alẹ́ tí nọ́ọ̀sì sùn ní ìlú ní oṣù tí ó kọjá, iye ọjọ́ tí olùkọ́ ìṣirò wọ kíláàsì, àti iye ìgbà tí onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ kankan tẹ oko ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ iye náà sínú ìwé ìpàdé, odo pàápàá, kí ó sì tún un kà sókè nígbà tí oṣù mìíràn bá pé.